Ẹ̀yìn Tó Tẹ̀ Mí Lórúnkún

Obìnrin tó wà níwájú mi nínú bàálù dẹ ẹ̀yìn àga rẹ̀ sílẹ̀, ó tẹ̀ mí lórúnkún. Mo ti fẹ́ tì í padà nígbà tí òórùn róòbù gbá mi nímú.

Òórùn yẹn ló wà lára ìyá mi lọ́sàn-án ọjọ́ tá a jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ akẹ́rù, láàárín àpò kòkó, tá à ń bọ̀ láti oko Atosin. Ó fẹ̀yìn ti orúnkún mi. Mo fi orúnkún náà tì í.

“Màámi, ẹ ń tẹ̀ mí.”

“Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.”

Ó jókòó ṣánṣán títí a fi dé Ìdànrè, ó ń di àpò kòkó mú pinpin ní gbogbo kòtò. Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé oyún ló ń bàjẹ́ lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Obìnrin iwájú bojú wẹ̀yìn. “Ẹ má bínú, ẹ̀yìn ló ń dùn mí.”

“Ẹ fẹ̀yìn tì dáadáa, mà.”