Ẹyẹ Màmá Kò Ṣeé Kà

Iṣẹ́ kíka ẹyẹ ni wọ́n gbà mí fún. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Lásìkò ọyẹ́, àwọn ẹyẹ ẹlẹ́sẹ̀ gbọọrọ kan máa ń ti òkè òkun wá sí àbàtà tó wà lẹ́yìn abúlé Omifunfun, ọ̀gá mi sì fẹ́ mọ iye wọn. Wọ́n ṣì ń dán mi wò ni nígbà yẹn. Bí ọ̀gá bá ti Ore dé tí n kò rí iye kankan sọ, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Ìyá arúgbó aládùúrà tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ ló fẹ́ sọ mí di aláìníṣẹ́. Bí mo ṣe na ìka sí àwọn ẹyẹ tí mo ní, "Ení, èjì," àfi gbàà lọ́wọ́ mi!

"Ta ló rán ọ? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

"Màmá, ẹyẹ nìwọ̀nyí o! Ẹ̀yin kọ́ lẹ bí wọn."

"Ṣé ìwọ lo bí wọn?"

Inú bí mi débi pé ẹkún gbọ̀n mí. Ọlọ́kadà tó gbé mi wá ń fi mí rẹ́rìn-ín, kò tilẹ̀ tijú.

Ni ọgbọ́n kan bá sọ sí mi lọ́kàn. Mo ní kí Màmá jẹ́ kí n máa ju ekùrọ́ kan sínú abọ́ fún ẹyẹ kọ̀ọ̀kan. N kò ní na ìka, n kò ní la ẹnu. Ekùrọ́ ni màá kà, kì í ṣe ẹyẹ. Ó gbàdúrà sí i títí, ó ní ẹ̀mí gbà á. Ṣùgbọ́n abọ́ náà gbọ́dọ̀ sùn sọ́dọ̀ òun kí n tó kà á, kí àwọn ẹyẹ má baà fura. Mo ju ekùrọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, mo sì gbé abọ́ fún un.

Nígbà tí èmi àti ọ̀gá dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òórùn àdín ló kọ́kọ́ pàdé wa. Màmá ti dín gbogbo ekùrọ́ náà, ó ń rọ àdín sínú ìgò.

"Màmá! Ẹyẹ mi dà?"

"Wọ́n wà nínú omi. Ẹ̀rù ló bà mí." Ó gbé ìgò sílẹ̀. "Àwọn ọmọ mi ń ṣeré nínú ọgbà yìí lọ́jọ́ kan, àlejò kan fi ìka kà wọ́n, ó ní mo kú ọrọ̀ ọmọ. Kí ọdún náà tó parí, mo ti sin méjì. Àwọn tó kù jáde nílé, wọn ò yà mọ́. Ẹyẹ wọ̀nyí nìkan ló ń padà wá."

Àánú rẹ̀ ṣe mí gan-an, ṣùgbọ́n àánú ara mi náà ń ṣe mí. Omi bọ́ lójú mi, ọ̀gá ń wo ilẹ̀.

Màmá wò mí. "Ṣé wọ́n á lé ọ ni?"

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ó pòṣé, ó di orúnkún mú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì ń ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sínú abọ́.

"Lo èyí dípò ekùrọ́. Kó o gbé e dé Ore kó o tó kà á. Bí àwọn ẹyẹ ò bá padà lọ́dún tó ń bọ̀, ìwọ lo máa wá bá mi gbé."