Àwọ̀ Búlúù Nínú Kànga

Nígbà tí táífọ́ọ̀dù dá ọmọ mi obìnrin dùbúlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì láàárín ọdún kan, mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi. Kànga wa ní Bódìjà kò jìnnà sí ògiri, ẹ̀yìn ògiri náà gan-an sì ni sókawéè bàbá ilé kejì wà, ihò tí omi ilé ìyàgbẹ́ wọn ń ṣàn sí. Bírìkìlà tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá yìí, ará Òkè-Ògùn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Ogún ọdún la ti jọ ń gbé, ilé wa ni ẹran Iléyá wọn sì máa ń kọ́kọ́ dé. Mo lọ bá wọn láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sọ ohun tí kò yẹ kí n sọ fún àgbàlagbà.

Wọ́n ní, "Tíṣà, ṣé o ti wò ó ni, àbí o kàn mọ̀?"

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Iṣẹ́ mi ni pé kí n kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì bí sáyẹ́ǹsì ṣe ń wá òótọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ tí kò sí ohun tó lè já a nírọ́, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n máa rí tí wọ́n á fi gbà pé àwọn ṣì í. Mo bá ra àwọ̀ búlúù tí àwọn oníkéèkì ń lò. Bàbá fúnra wọn ló ṣí sókawéè kí n dà á sí i. Bí omi kànga bá fi di búlúù láàárín ọjọ́ méje, wọ́n á dí ihò náà pa. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá dọ̀bálẹ̀.

Omi ọ̀rá la ń fún ọmọ lọ́sẹ̀ yẹn. Èmi ò lè jókòó jẹ́ẹ́. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, màá fa omi sínú ife funfun, màá máa yí i nínú oòrùn, màá máa bẹ Ọlọ́run pé kó di búlúù. Mo di bàbá tó ń gbàdúrà kí ẹ̀gbin wọ omi ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ keje pé, omi mọ́ kedere. Mo ní àwọ̀ náà ló kéré. Mo ní ẹ̀ẹ̀rùn la wà, kò sí òjò tó máa tì í wá.

Ìyàwó mi ń wọn oògùn sínú ṣíbí fún ọmọ. Kò gbójú sókè. "Dádì, kí lẹ máa rí tí ẹ máa fi gbà?"

Bí ọ̀bẹ ti mú tó, kì í gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ojú tì mí, mo gba ilé kejì lọ.

Mo bá bàbá lẹ́yìnkùlé, gbogbo ìka wọn ti di búlúù. Wọ́n ní àwọ̀ tí mo dà kò tó nǹkan, àwọn ti ra púpọ̀ sí i láti ọjọ́ kẹta, àwọn sì ń da omi garawa garawa tẹ̀lé e láràárọ̀, kó lè dà bí òjò.

"Ṣebí bó bá di búlúù, ẹ̀yin lẹ máa jẹ̀bi," ni mo wí.

"Ọmọ yẹn á tún mu omi yìí lọ́la," ni wọ́n dáhùn. "Bó bá jẹ́ èmi ni, mo fẹ́ mọ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ tó rin. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n sì na ìyókù àwọ̀ náà sí mi.

Mo délé, mo fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n láti ẹnu kànga dé ìdí sókawéè tiwa, tí n kò rò lọ́kàn rí. Ìṣísẹ̀ mẹ́sàn-án péré ni. Mo ṣí i.