Sájẹ́ǹtì Tó Dọ̀bálẹ̀ Nínú Ẹrẹ̀

Òórùn sítáàṣì gbígbóná ló máa ń jí wa ní ilé àwọn ayálégbé tí mo gbé dàgbà ní Egan. Ìyá Ṣadé ló ń fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ aṣọ iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, Sájẹ́ǹtì, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tó wà lágbàlá wa. Ṣòkòtò náà á le débi pé ó lè dá dúró lára ògiri bí ẹni tó ń dúró de mọ́tò. Tí ọkùnrin náà bá ti wọ̀ ọ́ tán, kò lè bẹ̀rẹ̀ mọ́. Ìyàwó ló ń bá a so okùn bàtà. Ìyá mi á ní, "Aṣọ ló wọ Sájẹ́ǹtì, Sájẹ́ǹtì kọ́ ló wọ aṣọ."

Eré ọlọ́pàá àti olè làwa ọmọdé fẹ́ràn jù. Èmi ni ọlọ́pàá, torí ìbọn onípákó mi ló gùn jù. Ràṣídì, ọmọ alápatà tí yàrá wọn kángun sí tiwa, ló máa ń ṣe olè. Ó mọ̀ ọ́n kú ṣá: á ta gìrì, á yíwọ́ yísẹ̀, á tún gbórí sókè, á ní, "Ṣé mo kú dáadáa?"

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àgbò Bàbá Ràṣídì dàwátì. Bàbá náà lọ dí ẹnu géètì, ọ̀bẹ ẹran lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ní, "Ẹnikẹ́ni ò ní jáde níbí tí àgbò mi ò bá jáde!" Inú àwa tí a ti wọ yunifọ́ọ̀mù dùn; kò sí ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn.

Sájẹ́ǹtì ṣì ń múra lọ́wọ́ nínú ilé, Láńlọ́ọ̀dù bá fi fóònù pe ọlọ́pàá. Kọ́ńsítébù kan dé, ọmọ tí irùngbọ̀n rẹ̀ ò tíì hù dáadáa.

"Ju ọ̀bẹ sílẹ̀!"

"Àbí ìwọ lo jí i ni?" ni Bàbá Ràṣídì wí.

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín, ìyẹn ló sì bí ọmọ náà nínú. Ó na ìbọn sí i láyà. Ojú mi ti wọnú eré. Mo pariwo pé, "Yìnbọn! Yìnbọn fún un!" Àwọn ọmọ yòókù gbè é.

Ràṣídì dúró tì mí. Ó wò mí. "Bàbá mi mà ni," ló rọra wí, bíi pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìgbà náà ni Sájẹ́ǹtì jáde, aṣọ rẹ̀ le bíi pátákó. "Ọmọ mi, sọ ìbọn yẹn kalẹ̀. Ọta tó bá ti jáde ò mọ̀nà ilé mọ́." Ó kọjá lára kọ́ńsítébù, ó dé iwájú alápatà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ẹrẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, bàbá."

Ìyá Ṣadé figbe ta. "Yéè! Aṣọ mi o!"

Bàbá Ràṣídì wo ilẹ̀. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, wọn ò tọ́ ọ láti fi ẹni tó kí i sílẹ̀ nílẹ̀. Sájẹ́ǹtì ò sì dìde. Ó yẹ kí bàbá fọwọ́ kàn án lẹ́yìn, kó ṣàdúrà fún un, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ta ló sì ń fi ọwọ́ òsì súre fún ọmọ ọlọ́mọ? Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Nígbà tó yá, ó fi ọ̀bẹ lé orí ògiri.

"Dìde, jàre. Ọlọ́hun á bùkún fún ẹ. Wo bó o ṣe ba iṣẹ́ obìnrin yìí jẹ́."

Láńlọ́ọ̀dù yára mú ọ̀bẹ. Kọ́ńsítébù mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù rẹ̀.

Àgbò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé nírọ̀lẹ́, okùn jíjá lọ́rùn. Ó ti lọ fẹ́ ìyàwó ní Igando. Ìyá mi ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, àfi aṣọ Sájẹ́ǹtì." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Ràṣídì ò ṣe olè mọ́ láti ọjọ́ náà, mi ò sì lè bi í pé kí ló dé. Ìyá mi fi ìbọn onípákó mi dáná, mi ò sunkún.

Alágbàfọ̀ ni mí báyìí ní Ìkòtún. Ìwé mi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n n kò kẹ̀rẹ̀ nídìí áyọ́ọ̀nù. Ní gbogbo Iléyá, Ràṣídì ń gbé ẹran wá fún mi, á ní bàbá òun ló gé e fúnra rẹ̀. A ò sọ̀rọ̀ àárọ̀ yẹn rí.

Àwọn ọlọ́pàá náà máa ń gbé aṣọ wá fún mi. "Ẹ jẹ́ kó le gbagidi o!" Mo máa ń ní ó ti yé mi. Èmi ni ọmọ tó pariwo 'Yìnbọn' níjọ́sí. Ní báyìí, tí mo bá ti dé ibi orúnkún ṣòkòtò wọn, n kì í fi sítáàṣì kàn án, kó lè rí ibi tẹ̀ lọ́jọ́ tó bá di pé kí ẹni tó wọ̀ ọ́ dọ̀bálẹ̀.