Ẹni Tí Kò Lè Ké

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Bàrígà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé fún mi láyé ni pé kí n ṣe bí ẹni tó fẹ́ kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Iṣẹ́ gidi ni.

Ìyá mi ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn kékeré kan tí kò jìnnà sí ilé wa ní Abúlé Òkúta. Ọ̀gá wọn, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kì í fi iṣẹ́ ṣeré, máa ń sọ pé ọkọ̀ ojú omi lè dojú dé ní Ìlàjẹ nígbàkígbà, pé òun ò fẹ́ kó bá àwọn nọ́ọ̀sì òun lójijì. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á kó àwọn ará àdúgbò jọ sí àgbàlá, á ní kí wọ́n ṣe bí ẹni tó fara pa, á sì fọn fèrè. Ó fẹ́ wo bí àwọn nọ́ọ̀sì ṣe máa sáré tọ́jú wọn.

Lọ́jọ́ tó kàn mí, wọ́n fi tòmátì alágolo kùn mí níwájú orí, wọ́n ní tèmi ló le jù, mi ò gbọdọ̀ mira, mi ò sì gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Mo lọ dùbúlẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Bàbá atẹ̀wé kan láti Ṣómólú àti àwọn ìyá ẹlẹ́ja láti Ìlàjẹ jókòó sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n ń ké bí ẹni tí ilé wó lù.

Fèrè dún. Ìyá mi ló kọ́kọ́ jáde. Mo la ojú díẹ̀, inú mi dùn, mo ní màámi ti dé. Àfi bó ṣe rí bàbá atẹ̀wé ló kúnlẹ̀ fún un. "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ẹ kú ìrọ́jú, sà." Ó tún kúnlẹ̀ fún àwọn ìyá ẹlẹ́ja. Àwọn nọ́ọ̀sì tó tẹ̀lé e náà ń kúnlẹ̀, bí wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa nílé, wọ́n ń ti ọ̀dọ̀ àgbà kan bọ́ sí ọ̀dọ̀ òmíràn. Eṣinṣin bò mí lójú. Mo ń gbọ́ ohùn màámi nítòsí, kò sì wá. Mo wá ń rò ó pé bóyá mo ti kú lóòótọ́. Mi ò dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọ̀gá wọn ló wá dúró tì mí. Ó ní, "Ẹ ti kí gbogbo èèyàn tán, ẹ sì ti pa ọmọ yìí. Níbí o, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni àgbà. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ kí." Màámi gbé mi, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ nu tòmátì ojú mi. Ó gbé mi bẹ́ẹ̀ délé.

Nígbà tó yá, ọkọ̀ dojú dé ní Ìlàjẹ lóòótọ́. Àwọn àgbà tí wọ́n gbé wá sí ilé-ìwòsàn ń ké, wọ́n ń na ọwọ́ sí màámi. Ó gba àárín wọn kọjá láìkí ẹnì kankan, ó lọ bá ọmọbìnrin kan tí wọ́n tẹ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kò mira. Ọmọ náà bi omi jáde, ó yè. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ìyá ẹlẹ́ja wọ̀nyẹn, tí màámi kọjá lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ní nọ́ọ̀sì náà ò lẹ́kọ̀ọ́, kò sì dá a lóhùn mọ́. Màámi á kí i lójú ọ̀nà, á dúró díẹ̀, bóyá á dáhùn. Lẹ́yìn náà, a ó máa lọ.

Màámi ti lọ báyìí, ọkọ mi náà ti lọ. Àwọn ọmọ wà lókè òkun, orí fóònù la ti ń ríra. Láìpẹ́ yìí, ilé-ìwòsàn kan ní Ṣómólú ń wá àgbà tó máa bá wọn ṣe irú ìdánrawò yẹn. Mo sáré lọ. Ká má parọ́, ohun tó gbé mi lọ ni pé mo fẹ́ kí ẹnì kan bi mí pé ibo ló ń dùn mí. Wọ́n ní apá mi ló kán, pé kí n máa ké. Mo ké dáadáa. Nọ́ọ̀sì kékeré kan sáré dé, ó wò mí fìrí, ó ní, "Mà, mo ń bọ̀ o," ó sì kọjá lọ bá ọmọkùnrin kan tó dákẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Kò kúnlẹ̀. Omi bọ́ lójú mi. Ká ní màámi rí i!

Nígbà tó padà, ó ti mú bírò dání. "Mà, ta ni ká pè fún yín? Ta ló wà nílé?"

Mo la ẹnu. Mo ro àwọn ọmọ mi, mo ro ilé tí mo tì pa kí n tó jáde. Ọ̀rọ̀ ò jáde. Nígbà tiwa, àgbà pọ̀ nínú àgbàlá débi pé ọmọdé la gbàgbé. Lónìí, àwọn nọ́ọ̀sì ti mọ ẹni tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ sáré bá, ṣùgbọ́n inú ilé ni àwa àgbà ń dákẹ́ sí, kò sì sẹ́ni tó ń fọn fèrè níbẹ̀. Ojú nọ́ọ̀sì náà yí padà. Ó di ọwọ́ mi mú, ó kígbe, "Ẹ sáré wá o! Màmá ò sọ̀rọ̀ mọ́!"

Gbogbo wọn sáré dé, wọ́n gbé mi, ọwọ́ wọn gbóná lára mi, mi ò sì sọ fún wọn pé kò sí ohun tó ṣe mí.