Omi Amọ̀ Màmá

Mo rántí òórùn àdín tó máa ń gba ẹ̀yìnkùlé wa kan ní Àgbowó, lọ́dún kan tí àwọn olùkọ́ yunifásítì yanṣẹ́ lódì. Kẹ́mísírì ni mo ń kọ́, mo sì gbà pé kò sí ohun tó ń hó nínú ìkòkò tí mi ò lè ṣàlàyé. Ìyá onílé wa, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, ló ń ṣe àdín náà. Wọ́n á pa ẹ̀kùrọ́ lórí òkúta, wọ́n á wá da ọmọ rẹ̀ àti èèpo pọ̀ sínú báàfù omi amọ̀ tó ki bí ẹ̀kọ mímu. Èèpo á rì, ọmọ ẹ̀kùrọ́ á léfòó. Ọmọ ni wọ́n ń dín kí òróró lè jáde, èèpo ni wọ́n fi ń dáná sábẹ́ ìkòkò, wọ́n á sì kó ìdí àdín fún ẹni tó ń sin adìyẹ ládùúgbò. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n ń lo amọ̀. Wọ́n ní báyìí làwọn ṣe bá ìyá àwọn lẹ́nu ẹ̀. Ìdáhùn yẹn ò wọ̀ mí létí.

Lọ́sẹ̀ tí mo ń sọ yìí, ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Àpáta ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, lẹ́yìn ọdún pípẹ́ tó ti ń wojú Ọlọ́run. Ọ̀la ni ìkómọ, Màmá sì ti ṣèlérí pé àdín ọwọ́ àwọn ni wọ́n máa fi pa ọmọ náà lára. Wọ́n ní kí n da ẹ̀kùrọ́ tí wọ́n ti pa tó kù sómi, wọ́n sì gba ọjà Bódìjà lọ. Mo wo omi náà, ó rí mi lára. Mo dà á nù, mo fọ báàfù, mo pọn omi ẹ̀rọ tó mọ́ sí i. Nígbà tí mo da ẹ̀kùrọ́ náà sí i, gbogbo rẹ̀ rì pẹ̀lú èèpo. Mo fọwọ́ rò ó títí, ìkankan ò léfòó. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé amọ̀ yẹn ló ń mú kí omi wúwo tó láti gbé e, ẹ̀rù sì bà mí, torí ìlú Màmá ni wọ́n ti ń gbé amọ̀ náà wá, kò sì sí òmíràn nílé.

Màmá dé, wọ́n wo inú báàfù.

"Omi yìí mà mọ́ o. Ṣé o fẹ́ wẹ̀ níbẹ̀ ni?"

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Mo rò pé ó ti dọ̀tí jù fún ọmọ tuntun ni."

"Jókòó, ká máa ṣà á."

A ń fọwọ́ ṣà á níkọ̀ọ̀kan títí oòrùn fi wọ̀, a ò sì ṣà ju ìdajì lọ. Àdín tá a dín láàárọ̀ ọjọ́ kejì ò ju ìgò kékeré kan lọ. Màmá gbé e lọ sí Àpáta bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà dé, wọ́n ní ó tó ọmọ náà, àti pé àwọn sọ fún gbogbo ilé pé akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ló bá àwọn ṣe é. Ojú tì mí ju kí wọ́n bú mi lọ.

Olùkọ́ ni mí báyìí. Lọ́dọọdún, mo máa ń po amọ̀ sínú báàfù ní kíláàsì, kí n tó da ẹ̀kùrọ́ sí i. Àwọn ọmọ á pàtẹ́wọ́ tó bá ti léfòó, wọ́n á ní mo mọ̀wé. Mi ò tíì lè sọ fún wọn pé mo ti da irú omi yẹn nù rí.