Otose Tí Wọ́n Wọ̀ Láṣọ Òkú

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni Otose. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Edo, ní ilẹ̀ Japan, ní ìwé kíkọ. Ọwọ́ òsì ló fi ń kọ ọ́. Ìyá rẹ̀ fi okùn de ọwọ́ náà nígbà tó wà ní kékeré. Ọwọ́ ọ̀tún kọ́ oúnjẹ jíjẹ, kò kọ́ ìwé. Ọwọ́ òsì yìí náà ni ọkọ rẹ̀ tìtorí ẹ̀ lé e jáde. Korobá onígi ni mò ń kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀. Ògiri wa ò nípọn.

Ayàwòrán kan wá, ó fẹ́ ya obìnrin tó ń kọ̀wé.

Otose ní, "Ọwọ́ òsì mi ni kí ẹ yà. Bí ẹ bá máa yí i, ẹ má yà mí."

Ó yà á bẹ́ẹ̀. Ó gbé e fún Matsugoro, àgbàlagbà agbẹ́gi tó ń gbẹ́ àwòrán sára pákó kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ṣe ni wọ́n máa ń da ojú àwòrán dé, tí wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, kó lè jáde bó ṣe wà. Matsugoro rí ọwọ́ òsì, ó ní ayàwòrán ṣàṣìṣe. Kò bi ẹnikẹ́ni. Ó kọjú àwòrán sókè kó lè yí sódì, ó gbẹ́ ẹ. Ọwọ́ di ọ̀tún lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù náà yí: etí ẹ̀wù ti ọ̀tún bọ́ sórí ti òsì níwájú àyà. Òkú là ń wọ̀ láṣọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́, wọ́n tà á. Ìyàwó ẹlẹ́ja dúró lẹ́nu ọ̀nà Otose.

"Olùkọ́ wa, ẹ kú àjíǹde o! Ṣé ká gbé tùràrí ìsìnkú wá ni?"

Otose ò rẹ́rìn-ín. Ó ki ẹsẹ̀ bọ bàtà onígi, ó dilé Matsugoro. Mo rí ojú rẹ̀, mo tẹ̀ lé e.

"Bàbá, ta ló kú?"

"Olùkọ́, ẹ má bínú. Mo bá yín tún ọwọ́ ṣe ni. Ta ló máa ra ọlọ́wọ́ òsì?"

"Wọ́n ra òkú!"

"Mi ò wo ẹ̀wù."

"O rí ọwọ́, o ò rí ẹ̀wù! Ìyá mi dè é, ọkọ mi lé e, ìwọ wá gé e. Ta ló bẹ̀ ọ́?"

"Màá tún un gbẹ́..."

"Àwòrán wo lo fẹ́ gbẹ́? Ṣebí o ti gé bébà rẹ̀ mọ́ igi!"

Otose fi ọwọ́ òsì gbé irin tí bàbá náà fi ń fá pákó. Ó ń fà á sọ́dọ̀ ara rẹ̀, ó ń fá a: irun, ojú, ẹ̀wù òkú, ọwọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Bàbá náà ké, "Igi ṣẹ́rì mi o, igi ọ̀wọ́n!"

Ó fá a títí pákó fi dán.

Àwọn àwòrán tí wọ́n ti tà ṣì wà lára ògiri àwọn èèyàn. Kò rí ìyẹn fá.

Lálẹ́, mo jókòó tì í. Ó da tíì gbígbóná sórí ìrẹsì tútù, ó fi igi méjì tí a fi ń jẹun sọ́wọ́ òsì. Ìrẹsì ń já bọ́, kò pààrọ̀ ọwọ́. Ó fi ẹja gbígbẹ kan jẹ ẹ́.