Kànga Tí Wọ́n Fò

Òjò kò rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, oòrùn náà kò yọ. Ìkùukùu bo Sakété, ooru mú, ewé kan kò mì. Mi ò lè jókòó síbì kan. Mo gbá iwájú ilé tán, mo tún un gbá.

Ní ọjọ́rú kan tí àwọn mínísítà pàdé ní Kútọnu ni wọ́n ka orúkọ ọmọ mi obìnrin lórí rédíò, pé òun ni olórí ètò ìlera agbègbè wa. Mo ṣebí ó parí nìyẹn. Ó ní, "Màámi, ẹ má tíì yọ̀." Àfìgbà tí ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ fa iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ ní Pobẹ̀, tí àwọn méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé, kó tó jókòó sípò.

Kò pẹ́ tí ìgbẹ́ gbuuru fi ń dá àwọn èèyàn dùbúlẹ̀. Ọmọ mi pàṣẹ pé kí wọ́n ti gbogbo kànga tó bá sún mọ́ ṣáláńgá. Àárọ̀ tí mò ń gbálẹ̀ yẹn ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ wọ àdúgbò wa, wọ́n ń fi ọ̀dà sàmì sí kànga tí wọ́n máa tì kiri. Nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ mi, àgbà inú wọn ṣí fìlà, ó ní, "Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ o," wọ́n sì kọjá. Bẹ́ẹ̀ ṣáláńgá mi ò jìnnà sí kànga náà rárá. Omi rẹ̀ ni mo fi ń fọ ẹ̀gẹ́ tí mo fi ń ṣe gàrí tà.

Aládùúgbò mi kan, tí wọ́n ti sàmì sí tirẹ̀, gbé garawa wá.

"Ìyá Ọ̀gá, ẹ bù fún wa. Àìsàn mọ ilé ọ̀gá, kò ní yà síbẹ̀."

Àwọn obìnrin tó kù rẹ́rìn-ín. Òmíràn ní, "Ọjọ́ tí wọ́n bá ti tiyín la ó ti tiwa." Kó tó di ọ̀sán, wọ́n ti ń fa omi kànga wọn tó ní àmì lọ bí ti àná.

Mo pe ọmọ mi.

"Ta ló ní kí wọ́n fo ilé mi?"

"Màámi, èmi kọ́."

"Mo mọ̀. Ìwọ ni wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa gbọ́ tìẹ níbí mọ́."

"Tí mo bá ní kí wọ́n padà wá, gàrí yín ńkọ́?"

"Fìyẹn sílẹ̀ fún mi. Má rán ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ kejì, mo kan pákó mọ́ ẹnu kànga mi níṣojú gbogbo wọn. Mo wá gbé garawa, mo lọ tò síbi ẹ̀rọ omi ìjọba.